Fìtílà Tí Ń Pa Àwọ̀ Dà

Láàárín àwọn ẹ̀dá inú igbó, alágẹmọ ni ó gba orúkọ nípa àwọ̀ pípadà. Bí ènìyàn ti ń wò ó ni ara rẹ̀ yóò máa kúrò ní àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ní òde òní, àwọn ọmọ ènìyàn ti ṣe fìtílà kan tí ìwà rẹ̀ jọ ti alágẹmọ. Bí a bá tàn án, yóò pọ́n bí osùn. Láìpẹ́, yóò di àwọ̀ ìyeyè. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti di àwọ̀ ewé, ó ti di àwọ̀ aró, ó sì tún ti padà sí pupa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ọmọdé tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé oògùn ni, tàbí pé ọgọ́rùn-ún gílóòbù ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì. Iná mẹ́ta péré ni ó wà níbẹ̀, ohun méjì péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ̀ ọ́n ṣe: kí ó tàn, tàbí kí ó kú. Gbogbo ìyókù, ìwọ̀n àti ètò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye ọ̀rọ̀ yìí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú fìtílà náà lórí tábìlì ní ọjọ́ kan.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé iná mẹ́ta ni a nílò, tí kì í ṣe méjì tàbí mẹ́wàá? Ìdáhùn náà wà nínú ojú ènìyàn fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí, àwọn ẹ̀yà tíntìntín oríṣi mẹ́ta ni ó wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ó máa ń ta oríṣi kan jí ju àwọn yòókù lọ; ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ni ó ń ta èkejì jí; ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ aró ni ó sì ń ta ẹ̀kẹta jí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jí lápapọ̀, ọpọlọ a ní funfun ni òun rí. Bí ó bá jẹ́ pé ti pupa àti ti ewé nìkan ni ó jí, ọpọlọ a ní àwọ̀ ìyeyè ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná aláwọ̀ ìyeyè kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1672 pé ìmọ́lẹ̀ funfun tí ń ti ara oòrùn wá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí ó bá gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá, yóò tú sí àwọn àwọ̀ òṣùmàrè. Ní ọdún 1861, James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba ọ̀nà òdìkejì. Ó jẹ́ kí a ya àwòrán ọ̀já aṣọ aláràbarà kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn ohun pupa, lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn ohun aláwọ̀ ewé, àti lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn ohun aláwọ̀ aró. Nígbà tí ó tan àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn lórí ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó péjọ rí ọ̀já náà pẹ̀lú oríṣiríṣi àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí Newton tú ká ni Maxwell dà pọ̀.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra, nítorí pé ohun tí ojú ti mọ̀ mọ́ nílé lè ṣì í lọ́nà. Aláró tí ó rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, tí ó tún rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, mọ̀ pé ńṣe ni aṣọ náà yóò máa dúdú sí i. Bí a bá da osùn àti aró pọ̀, wọn yóò ṣú ni, wọn kò ní funfun láé. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí a fi ń pa aṣọ láró a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù fún ojú yóò máa dín kù. Ṣùgbọ́n iná kì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ńṣe ni ó ń mú un wá. Nítorí náà, bí a bá ń fi iná kún iná, mímọ́ ni yóò máa mọ́ sí i. Pupa àti ewé a di ìyeyè; pupa àti aró a di àwọ̀ àlùkò; ewé àti aró a di àwọ̀ tí ó jọ ti omi òkun níbi tí kò jìn; mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a sì di funfun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú iná mẹ́ta yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ ni yóò dà nù.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀kan nínú ààrò mẹ́ta náà kò fi sí nílẹ̀ bí ó ti yẹ. Iná tí a ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní LED, kò dà bí gílóòbù àtijọ́ tí ó ní okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, tí okùn náà ń gbóná títí yóò fi ràn. Èérún òkúta àtọwọ́dá kan ni ó wà nínú LED. Bí iná mànàmáná bá ti ń gba ibi tí ẹ̀yà rẹ̀ méjì ti pàdé kọjá, èérún náà a máa tàn. Ohun tí a fi ṣe èérún náà ni ó ń sọ irú àwọ̀ tí yóò tàn. Ní ọdún 1962, Nick Holonyak ṣe LED pupa ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, ti ewé dé. Ṣùgbọ́n ti aró tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ríran dáadáa kọ̀, kò dé. Àwọn onímọ̀ mọ ohun tí ó lè mú un jáde, gallium nitride ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀ láti mú kí ó dì láìlábàwọ́n. Ọ̀rọ̀ náà sú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà mìíràn.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Jàpáánù mẹ́ta ni kò sú. Isamu Akasaki àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Hiroshi Amano ń bá a yí ní yunifásítì ìlú Nagoya, wọ́n sì rí èyí tí ó dì dáadáa ní ọdún 1986. Shuji Nakamura, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Nichia ní agbègbè Tokushima, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ̀rọ tí ó ń lò, ó sì tún un tò títí ó fi bá ohun tí ó ń wá mu. Ní ọdún 1993 ni LED aláwọ̀ aró tí ó mọ́lẹ̀ rokoṣo jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà. Fìtílà tí ọmọdé ń fi ṣeré lónìí, sùúrù àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó wà nínú rẹ̀.

Iná mẹ́ta ti pé. Ó ku ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún wọn. Ẹni náà ni kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní microcontroller. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti nínú ọ̀pọ̀ ohun èlò mìíràn nínú ilé, níbi tí ojú kò ti rí i. Kò ní bọ́tìnnì ìkọ̀wé, kò sì ní ojú tí a fi ń wo àwòrán. Iṣẹ́ kan ni a fi rán an, òun náà ni yóò sì máa ṣe títí a ó fi paná. Èyí tí ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ jù ni Arduino, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 ní ìlú Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè lò ó láìná owó púpọ̀. Èyí tí a sọ ní Arduino Uno jáde ní ọdún 2010. Ọpọlọ tí ó wà lórí rẹ̀ ń mí ní ẹ̀ẹ̀mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ihò 14 tí a kọ nọ́ńbà sí lára ni ó ní fún gbígba iṣẹ́ àti fífi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ìṣòro kan wà síbẹ̀. Láti inú àwọn ihò wọ̀nyí, volt 5 ni ó lè jáde tàbí òfo. Kò sí àárín. Báwo wá ni a ó ṣe mú kí iná pupa tàn díẹ̀, kí ti ewé sì tàn gidigidi? Ẹ jẹ́ kí a rántí eré kan tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe lóru. Bí ọmọdé bá mú igi tí ògúnná wà lórí rẹ̀, tí ó sì ń fì í yípo kíákíá, kì í ṣe ògúnná kan ni àwọn tí ń wò ó yóò rí. Òrùka iná ni wọn yóò rí. Ojú kò yára tó láti tẹ̀lé e. Ọgbọ́n yìí náà ni kọ̀ǹpútà kékeré ń dá. Ó ń tan iná, ó sì ń pa á, ní ìgbà 490 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ kí ó wà ní títàn fún ìdajì àkókò náà tí ó sì wà ní kíkú fún ìdajì yòókù, ojú kò ní rí títàn òun kíkú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó rọlẹ̀ ni yóò rí.

Nọ́ńbà ni a fi ń sọ ìwọ̀n náà fún un. Òfo ni kí iná kú pátápátá; 255 ni kí ó tàn láìsinmi; 64 ni kí ó tàn fún bí ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò náà. Bí a bá ka òfo mọ́ ọn, ìwọ̀n 256 ni iná kọ̀ọ̀kan ní. Bí a bá wá fi 256 ti pupa sọ 256 ti ewé di púpọ̀, tí a sì fi 256 ti aró sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àdàlù 16,777,216 ni yóò jáde. Ohun mẹ́ta ni ó bí gbogbo rẹ̀.

Àwọn ohun èlò fìtílà náà kò pọ̀: Arduino Uno kan pẹ̀lú wáyà USB rẹ̀, LED ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà nínú rẹ̀, resistor mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohm 220, pátákó ike oníhò wẹ́wẹ́ tí a fi ń to wáyà láìjó òjé, wáyà kéékèèké mẹ́rin, àti ife ike funfun kan tí a ó dà bo iná náà kí ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta lè dà pọ̀ kí ó tó dé ojú. Ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lára LED náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò. Òun ni a ó so mọ́ ihò tí a kọ GND sí. A ó mú àwọn ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù, a ó so resistor kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ibẹ̀ ni wáyà yóò sì lọ sí ihò 9, 10 àti 11.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré resistor wọ̀nyí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Volt 5 ni ó ń jáde láti inú ihò, ṣùgbọ́n nǹkan bí volt 2 ni iná pupa ń fẹ́. Volt 3 tí ó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò gbà. Bí a bá fi 220 pín 3, a ó rí i pé ohun tí yóò máa ṣàn kò tó ìdá 14 nínú 1,000 ti ampere kan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ihò kan gbé ju ìdá 20 nínú 1,000 lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé ohun kékeré yìí kò já mọ́ nǹkan, tí ó sì so LED mọ́ ihò lásán, yóò rí ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́ gidigidi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, iná náà lè jó, ó sì lè ba ọpọlọ Arduino jẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí a bá ti to wáyà tán, ó ku àṣẹ. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá ni a ó ti kọ ọ́, a ó sì fi wáyà USB tì í sínú Arduino. Ní èdè ẹ̀rọ ni a ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

Ìkíní: Fi pupa sí 255, fi ewé àti aró sí òfo.
Ìkejì: Mú 1 kúrò lára pupa, kí o fi 1 kún ewé, kí o sì dúró fún ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 255.
Ìkẹta: Ṣe bákan náà láti ewé sí aró.
Ìkẹrin: Ṣe bákan náà láti aró sí pupa.
Ìkarùn-ún: Padà sí àṣẹ kejì.

Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 2.55, àti pé gbogbo àyíká náà gba 7.65. Bí a bá sọ ìdúró náà di ìdá 100, àwọ̀ náà yóò máa yí padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àyíká kan yóò sì gba ìṣẹ́jú àáyá 76.5. Ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé ìdúró pátápátá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà náà kò ní bínú, kò sì ní béèrè ohun tí a ní lọ́kàn. Yóò sáré gba gbogbo àwọ̀ kọjá kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yóò fi dà wọ́n pọ̀, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tí ó jọ funfun ni yóò sì máa rí.

Àwọn àgbà a máa wí pé alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀jó kù sí ọwọ́ ọmọ alágẹmọ. Ti fìtílà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mọ ijó jó, ọwọ́ ẹni tí ó bí i ni àìmọ̀jó náà wà, nítorí pé kò mọ ìṣísẹ̀ kankan bí kò ṣe èyí tí a kọ́ ọ. Ohun tí a sọ ni yóò ṣe. Kì í ṣe ohun tí a rò.

Nítorí náà, bí ó bá kọ̀ tí kò tàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbá a mọ́lẹ̀, kí ó má sì ṣe tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó kọ́kọ́ pàṣẹ fún pupa nìkan, lẹ́yìn náà ewé nìkan, lẹ́yìn náà aró nìkan. Bí ó bá pe pupa tí aró sì jẹ́ ẹ, wáyà méjì ni ó ṣì ipò ara wọn. Bí kò bá sí èyí tí ó jẹ́ ìpè, kí ó wo ẹsẹ̀ gígùn nì bóyá ó wà nínú GND. LED mìíràn sì wà tí ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ ń lọ sí volt 5. Ti irú èyí yí padà pátápátá, òfo ni kí ó tàn, 255 ni kí ó kú. Bí funfun rẹ̀ bá ń fà sí àwọ̀ aró, kí ó dín nọ́ńbà aró kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í lágbára dọ́gba. Kí ó sì mọ̀ pé 128 kì í jọ ìdajì 255 lójú ènìyàn. Ojú a máa tètè mọ ìyàtọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré ju nínú èyí tí ó pọ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Volt 5 tí ń ti ara kọ̀ǹpútà tàbí ṣájà fóònù tí ó dára wá ni fìtílà yìí ń lò. Iná tí ó wà nínú ògiri ilé tó volt 230, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 46 rẹ̀. Ó lè pa ènìyàn. A kò gbọ́dọ̀ so wáyà láti ibẹ̀ mọ́ Arduino láé. Bákan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fìtílà tí yóò mọ́lẹ̀ ká gbogbo iyàrá kò gbọ́dọ̀ so LED púpọ̀ mọ́ ihò kan. Ó ní láti fi transistor sí àárín, kí iná tí ó pọ̀ lè gba ibòmíràn wá.

Ẹni tí kò bá ní Arduino lè rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Kí ó tan fóònù kan sí ibi tí ojú rẹ̀ ti funfun, kí ó fi orí ìka kán omi tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ sí i, kí ó sì wò ó dáadáa kí ó tó nù ún kúrò. Nínú ẹ̀kán omi náà ni yóò ti rí pupa, ewé àti aró, wọ́n tò jọ wẹ́wẹ́. Funfun tí ó ń rí tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta nì náà ni, tí ẹnì kan wọ̀n, tí ó sì tò, kí ojú tó rí wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wo irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to fìtílà kan tí ó sì jó, kì í ṣe òǹwòran nìkan mọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí dída osùn àti aró pọ̀ fi ń ṣú, ṣùgbọ́n tí dída iná pupa, ti ewé àti ti aró pọ̀ ń di funfun?
2. Ọ̀nà wo ni òrùka iná tí ọmọdé ń fì lóru fi jọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kékeré ń ṣe?
3. Bí a bá sọ ìdúró inú àṣẹ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin di ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni àyíká kan yóò gbà?
4. Ṣàlàyé bí a ṣe lo òwe alágẹmọ nínú àyọkà yìí, kí o sì sọ ìdí tí a fi yí i padà.
5. Kọ àròkọ kan tí kò gùn ju ojú ìwé méjì lọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀, níbi tí ìwọ̀n ti ṣe pàtàkì ju agbára lọ.